Kí Alẹ́ Eléré Ìje Sàn Ju Òwúrọ̀ Lọ: Láti Orí Bikila Dé Orí Kipchoge

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, Gabon gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, wọ́n sì ta àsíá tuntun sókè ní Libreville. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó kan Nàìjíríà, wọ́n ta tiwa ní Èkó. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, ọmọ ogun kan láti Etiópíà, Abebe Bikila, bọ́ sí ojú títì ìlú Róòmù láìwọ bàtà, ó sì sá eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin, èyí tí ayé ń pè ní Marathon, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16 ni ó fi sá a. Ṣáájú alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí a mọ̀ tí ó sá a yára tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún eré náà gba ẹ̀gbẹ́ òpó òkúta Aksum kọjá, òpó tí àwọn ọmọ ogun Mussolini kó ní Etiópíà ní ọdún 1937 tí wọ́n sì gbé lọ sí Róòmù gẹ́gẹ́ bí ìkógun. Ní sàkáání òpó yìí ni Bikila ti já Rhadi Ben Abdesselam ti Mòrókò sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó gba òmìnira ní Áfíríkà lọ́dún náà, ọkùnrin yìí sì di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba góòlù Òlíńpíìkì. Ẹni tó bá ń wá àwòrán òwúrọ̀ Áfíríkà, èyí tó fún un.

Òwúrọ̀ yẹn ni a máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kì í fi òwúrọ̀ nìkan gbàdúrà. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé kí alẹ́ sàn ju òwúrọ̀ lọ. Àdúrà yìí ni mo fẹ́ fi wo àwọn akọni eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin, ní àkókò yìí tí Eliud Kipchoge ti Kẹ́ńyà, ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí irú rẹ̀ rí nínú eré náà, ti kọjá ẹni 40 ọdún, tí àwọn ọmọdé sì ń já a sílẹ̀ lójú títì. Báwo ni alẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe rí? Ta ni ó tún un ṣe fún wọn, ta ni ó sì bà á jẹ́? Ìbéèrè yìí kan Libreville, ó kan Èkó, ó sì kan gbogbo ìlú tí ó ń pe ènìyàn wá sáré.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí Bikila fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1964, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ nínú ikùn fún un nígbà tí ó tún borí ní Tokyo, pẹ̀lú wákàtí 2, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11. Òun ni ó kọ́kọ́ gba góòlù Marathon Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1968 ní Mexico, ó ti di ẹni ọdún 36, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ìlú náà sì ga ju ìpele òkun lọ ní mítà tó lé ní 2,200. Ní nǹkan bíi kìlómítà 17, ó dúró. Mamo Wolde, ọmọ Etiópíà bíi tirẹ̀, ọmọ ogun bíi tirẹ̀, tí wọ́n bí ní ọdún kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ni ó gba góòlù ọjọ́ náà.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹta ọdún 1969, ọkọ̀ Volkswagen tí Bikila ń wà dojú dé lóru lẹ́yìn odi Addis Ababa. Láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ kò mira mọ́. Ọba Haile Selassie ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti mọ̀ nípa ìtọ́jú àwọn tí egungun ẹ̀yìn wọn bàjẹ́. Níbẹ̀ ni ọkùnrin tí ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́gun ayé ti kọ́ ọfà títa, tí ó sì bá àwọn aláàbọ̀ ara díje ní ọdún 1970. Ní ọdún 1972, wọ́n pè é ní àlejò pàtàkì sí Òlíńpíìkì Munich, ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara níbẹ̀ nígbà tí Wolde, tí òun náà ti di ẹni 40 ọdún, gba ipò kẹta. Bikila kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1973, ọmọ ọdún 41 ni. Ọba kéde ọjọ́ ọ̀fọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Alẹ́ Bikila kúrú, ó sì le, ṣùgbọ́n kò dá wà nínú rẹ̀. Ìlú rẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí á fiyè sí ni ẹni tí ìtọ́jú náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ọba ni. Ọba ló fi oyè ológun dá a lọ́lá, ọba ló sì rán an lọ sí òkè òkun fún ìwòsàn. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n sin Bikila tí àwọn ológun fi yọ ọba náà lórí ìtẹ́, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974. Ìgbà kì í lọ bí òréré.

Wolde ni ó kù sẹ́yìn láti rí apá kejì ìtàn náà. Ìjọba ológun tí ó dé pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ìjọba yẹn náà wó ní ọdún 1991, àwọn tó gorí àlééfà bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn tí wọ́n fura sí. Ní ọdún 1992 wọ́n mú Wolde, wọ́n ní ó lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn ní àsìkò tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn náà. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi wà ní àtìmọ́lé kí ilé ẹjọ́ tó dájọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002 wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà fún un, wọ́n sì ní kí ó máa lọ ilé nítorí pé ó ti lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ó kú. Èmi kì í ṣe adájọ́, n kò sì lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jókòó sí àtìmọ́lé fún ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó mọ ìdájọ́ rẹ̀, ìyẹn kò dára fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe akọni tàbí ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wo àwọn méjèèjì: ọmọ ogun kan náà, ọdún ìbí kan náà, eré kan náà, góòlù kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín alẹ́ wọn ni ẹni tó wà lórí oyè. Ẹ̀bùn ọba dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ọba kì í ṣe òfin. Bí ọba bá wàjà tàbí tí wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, ẹ̀bùn a bá a lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ nínú ìtàn Etiópíà nìyí, òun náà ni mo sì fẹ́ kí á fi wo ara wa.

Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn kọ́gbọ́n. Haile Gebrselassie ni ó kọ́kọ́ sá Marathon lábẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 4, ní Berlin ní ọdún 2008, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 35. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, orúnkún rẹ̀ kọṣẹ́ ní New York, ó dúró lójú ọ̀nà, ó sì kéde fún àwọn oníròyìn pé òun ti ṣíwọ́. Láìpẹ́ ọjọ́, ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọdún 2015 ni ó tó fi eré ìdíje sílẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lágbára ni ó ti ń fi owó eré kọ́ ilé ìtura, tí ó ń dáko kọfí, tí ó sì gba ọ̀pọ̀ ènìyàn síṣẹ́. Ní ọdún 2016, wọ́n yàn án ní ààrẹ àjọ eré ìdárayá Etiópíà. Kò dúró de ẹ̀bùn ọba kankan. Ó kọ́ ilé alẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ Kipchoge. Ọmọ ọdún 18 ni ó wà nígbà tí ó gba góòlù àgbáyé fún mítà 5,000 ní Paris ní ọdún 2003, tí ó ṣáájú Hicham El Guerrouj àti Kenenisa Bekele. Ní ọdún 2012, kò rí àyè nínú ikọ̀ Kẹ́ńyà fún Òlíńpíìkì London. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ó ti tán fún un. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sínú Marathon, ó sì borí nínú èyí àkọ́kọ́ tí ó sá, ní Hamburg. Ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Rio ní ọdún 2016, ó tún gbà á ní Sapporo ní ọdún 2021. Ní Berlin ní ọdún 2022, ó sá a ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 9. Ní Vienna ní ọdún 2019, nínú eré tí wọ́n ṣètò fún un lọ́tọ̀ tí kò sì sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, ó sá ibi jíjìn náà ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40.

Lẹ́yìn náà ni oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọmọ Kẹ́ńyà kan, Kelvin Kiptum, ẹni ọdún 23, sá a ní Chicago ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 35. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Kiptum àti olùkọ́ rẹ̀ Gervais Hakizimana. Bí ẹni pé ọ̀fọ̀ náà kò tó, àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kan Kipchoge, wọ́n ń halẹ̀ mọ́ òun àti ìdílé rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ní Òlíńpíìkì Paris, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ó fi eré sílẹ̀, ó ń rìn. Kò sí Marathon tí ó sá rí tí kò parí ṣáájú ọjọ́ náà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì wọ ọkọ̀ lọ. Tamirat Tola ti Etiópíà, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ẹlòmíràn nínú ikọ̀ rẹ̀, ni ó gba góòlù. Ní London ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Kipchoge ṣe ipò kẹfà. Ní New York ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó ṣe ipò kẹtàdínlógún.

Àwọn kan ń béèrè ìdí tí kò fi kúrò lójú agbo nígbà tí ìlù ṣì ń dùn. Èmi kò rí ìtìjú kankan nínú ipò kẹtàdínlógún. Bí ènìyàn bá ti kọjá ọdún 35, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé dé inú iṣan a máa dín díẹ̀díẹ̀, ọgbẹ́ tí ìgbáradì ń dá sínú iṣan a sì máa pẹ́ kí ó tó jinná. Ẹni tí ó ti ń sá kìlómítà tó lé ní 200 lọ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò lè bá ìṣirò yẹn jiyàn. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó pinnu ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ tó kù ṣe. Kipchoge ti pinnu tirẹ̀: lẹ́yìn New York, ó kéde pé òun fẹ́ sá Marathon méje ní ilẹ̀ ńlá méje ayé láàárín ọdún méjì, kí ó sì fi wá owó fún àjọ tí ó dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé àti ìtọ́jú igbó. Ní ibùdó tí ó ti ń gbáradì ní Kaptagat lábẹ́ olùkọ́ rẹ̀ Patrick Sang, àwọn ọ̀dọ́ ló yí i ká, òun náà sì ń bá wọn tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe bí ó ti kàn án. Alẹ́ tó ní àwọn ọmọdé nínú kò lè ṣókùnkùn jù.

Bí ẹ bá wo àwòrán ayé, ẹ ó rí i pé Kaptagat àti Libreville fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, èyí tí àwọ̀ ìyeyè tó wà láàárín àsíá Gabon dúró fún. Ṣùgbọ́n Kaptagat wà lókè ní nǹkan bíi mítà 2,400, atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́, ó sì tutù, nígbà tí Libreville jókòó sí etí òkun nínú ooru àti ọ̀rinrin. Nínú ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀, òógùn kì í tètè gbẹ lára, ara kò sì rí ohun tí yóò fi tu ara rẹ̀. Bí ti Èkó àti Kútọnu náà ṣe rí nìyẹn. Ìdí kan nìyí tí wọn kì í fi í sáré náà yára ní etí òkun wa, tí àwọn tó gbáradì ní orí òkè fi ń wá kó ipò iwájú lọ. Ní ọdún 2013 ni Libreville kọ́kọ́ gba àlejò Marathon du Gabon. Ní ọdún 2016 ni Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ọmọ Kẹ́ńyà ló sì gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àlejò tó sáré tó borí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìlú tí ó lè wá owó láti fi pe àlejò sáré ní ojú títì rẹ̀, ó yẹ kí ó lè dáhùn ohun tí ó ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí eré ti rẹ̀. Gabon ní akọni kan tí ó mọ ohun tí mò ń wí. Anthony Obame, tí wọ́n bí ní Libreville ní ọdún 1988, gba fàdákà nínú ìjà taekwondo ní London ní ọdún 2012. Òun àti ọmọ Ítálì tí wọ́n jọ jà wà ní ọ̀mì nígbà tí àkókò pé, àwọn adájọ́ ló yan èkejì. Àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kan ṣoṣo tí Gabon ní títí di òní nìyẹn. Ní ọdún 2013 ó gba góòlù àgbáyé, ní ọdún 2016 ó gbé àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Rio. Orílẹ̀-èdè kan gbé gbogbo ìrètí Òlíńpíìkì rẹ̀ lé èjìká ọkùnrin kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú èjìká bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de àánú ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ tí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Ní ti Nàìjíríà, àwọn ẹ̀rí wà níta. Wọ́n ṣèlérí ilé fún ikọ̀ Super Eagles tí ó gba ife Áfíríkà ní ọdún 1994. Ọdún 2022 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún wọn. Rashidi Yekini, tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù lọ nínú ìdíje náà, ti kú ní Ìbàdàn ní ọdún 2012. Stephen Keshi tí ó jẹ́ balógun wọn ti kú ní ọdún 2016. Sunday Bada wà lára àwọn tó sá mítà 400 onígbà mẹ́rin ní Sydney ní ọdún 2000. Fàdákà ni wọ́n gbà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó hàn pé ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣáájú wọn ti lo oògùn, wọ́n sọ ọ́ di góòlù fún wọn ní oṣù Keje ọdún 2012. Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ti oògùn àwọn ẹlòmíràn kò sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ti ilé tí a fi ọdún 28 ṣèlérí, ọwọ́ wa ló wà. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe òfin, ààrẹ tó bá wù ú ló ń rántí.

Ẹnìkan lè wí pé: ṣé ti àwọn sárésáré ló kù wá kù, nígbà tí olùkọ́ tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń tò fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni. Èmi náà kò fẹ́ kí ìjọba mú owó olùkọ́ fún eléré. Owó tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú àpò ìjọba. Ó wà lọ́wọ́ báńkì àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń lẹ orúkọ wọn mọ́ àyà àwọn tó ń sáré. Ó wà nínú ẹ̀bùn owó tí wọ́n ń pín ní ọjọ́ ìdíje. Bí àwọn alákòóso eré ní Libreville, ní Èkó àti ní àwọn ìlú tó kù bá gbà láti máa yọ ìdá kan nínú owó wọ̀nyí sílẹ̀, tí wọ́n sì fi í sínú àpò ìfẹ̀yìntì lórúkọ eléré kọ̀ọ̀kan, kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú mọ́. Ní Nàìjíríà, ilẹ̀kùn wà tí a lè gbà wọlé: ní ọdún 2019 ni PenCom bẹ̀rẹ̀ ètò ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, tí kò sí lábẹ́ agbanisíṣẹ́ kankan. Telọ̀ lè wọ̀ ọ́, alájàpá lè wọ̀ ọ́. Eléré ìje náà lè wọ̀ ọ́, bí ẹnìkan bá ti kọ́ ọ láti ọjọ́ tí ó ti wà ní ẹni ogún ọdún.

Ọ̀nà kejì ti pẹ́ nílẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Bikila àti Wolde jẹ́ ọmọ ogun tó ń gbowó oṣù. Ọ̀pọ̀ àwọn akọni Kẹ́ńyà jẹ́ ọlọ́pàá tàbí ológun. Chioma Ajunwa, tí ó gba góòlù Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní Atlanta ní ọdún 1996, ọlọ́pàá ni, iṣẹ́ náà sì wà fún un nígbà tí fífò parí. Ẹni tó ní iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì lè fi ọkàn balẹ̀ gbé ipò kẹtàdínlógún. Kò ní máa gún abẹ́rẹ́ sí orúnkún kí ó lè sá eré kan sí i nítorí owó ilé ìwé ọmọ.

Òpó Aksum padà sí Etiópíà ní ọdún 2005. Ó gba wọ́n ní ọdún 68 kí ohun tí wọ́n jí gbé tó padà sí àyè rẹ̀. Òkúta lè dúró bẹ́ẹ̀, òjò kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ènìyàn kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ eré bá tún dún ní Libreville tàbí ní Èkó, ọmọ ogún ọdún kan yóò wà láàárín èrò tí ọ̀nà ṣì wà níwájú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú alẹ́ rẹ̀.